A Kì Í Ka Ọmọ Fún Ọlọ́mọ

Ìyá mi máa ń sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.
Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí ní Yemẹtu sì nìyẹn:
kí n máa ka ọmọ ọlọ́mọ
láti aago mẹ́jọ àárọ̀
títí NEPA á fi mú iná lọ, tí fáànù á fi dákẹ́.

Irinwó ọmọ ó lé méjìlá
nínú kọ̀ǹpútà kan tí kò ju àwo ìjẹun lọ.
Kò sí orúkọ níbẹ̀.
Orúkọ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin,
kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Dókítà Oyèékànmí.
Ẹni tí wọ́n ń kì ní Àkànjí nílé,
ọ̀kan-òdo-méje ni lọ́dọ̀ wa.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ ọdún méjì tẹ̀wọ̀n
ọgọ́fà kìlò ó lé méjì.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Àmì tíńtín kan ló jábọ́ láàárín méjì àti méjì.
Mo dá a padà,
ọmọ sì padà di ọmọ.

Nínú ìwé Gbádégẹṣin,
èémí ọmọ mẹ́tàlélógún dọ́gba bí eyín òòyà.
Mo pè é. Ó ń wo bàtà rẹ̀.
"Òjò ni, Àǹtí.
Òjò há mi mọ́ abẹ́ páànù oníbúrẹ́dì,
ibẹ̀ ni mo ti bá wọn mí."
Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.
Àyè òfìfo mẹ́tàlélógún.
Òfìfo ò kúkú purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan-òdo-méje.
Òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: mẹ́ta, márùn-ún, mẹ́jọ.
Tirẹ̀: mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Ọ̀gá ní àṣìṣe ẹ̀rọ ni, kí n yọ ọ́,
ó ń ba àwòrán jẹ́:
gbogbo ìyókù sùn sílẹ̀ bí òrùlé páànù tó ti dípẹtà,
òun nìkan dá dúró lókè bíi Màpó.

Mo tọrọ kọ́kọ́rọ́.
Mo ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti ilẹ̀kùn padà.
Ọ̀kadà gbé mi dé àdúgbò kan lẹ́yìn Ògùnpa.
Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mo ti búra.

Ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù,
ó ń fi ìṣó ha inú bátìrì ọkọ̀
tí wọ́n ti là sí méjì bí obì.
Bàbá rẹ̀ àgbà ń yọ́ ìyókù nínú ìkòkò dúdú,
èéfín rẹ̀ funfun, ó dùn ún wò.
Ọmọ náà ju ìṣó sílẹ̀,
ó fi ìka kan náà ṣa gúgúrú jẹ,
ó na díẹ̀ sí mi.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ara rẹ̀ le o.
Inú ló máa ń run ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.
Àbí ti ọ̀rọ̀ sísọ...
ó ti ń pè mí tẹ́lẹ̀,
ó jọ pé ó ti gbàgbé."

Mi ò rí nǹkan kan sọ.
Mo ní kí wọ́n gbé ọmọ kúrò nídìí èéfín,
kí wọ́n fọ ọwọ́ rẹ̀.
Ta ni yóò gbé oúnjẹ kúrò nídìí bàbá àgbà?
Ìyẹn ò sí nínú fọ́ọ̀mù mi.

Obìnrin náà sìn mí dé títì.
Ó dì mí lápá aṣọ mú:
"Ẹ bá mi kà á dáadáa."

Lọ́la, èmi àti Dókítà ń padà lọ
pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mìíràn
àti ọ̀rọ̀ tí a ò tíì mọ bí a ó ṣe gbé e kalẹ̀.
Lálẹ́ yìí, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta:
Mo ti fojú rí i. Ẹ má yọ ọ́.

Kí n tó tẹ bọ́tìnì,
mo rí i pé ìka mi dúdú.
Gúgúrú ṣì wà nínú báàgì mi.
Mo dìde, mo lọ fọwọ́.